Ọrùn Ìkòkò

Ọjọ́ kẹtàdínlógójì tí mo bí Àfúsá
ni ọrùn ọwọ́ mi kọ iṣẹ́.
Kì í ṣe iṣẹ́ amọ̀ o. Amọ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilé,
àpò ìrẹsì ni mo fi bò ó,
ó ń dúró dè mí bí olówó tí mo jẹ ní gbèsè.
Ọmọ ni n kò lè gbé.
Bí mo bá ti ki àtàǹpàkò bọ abẹ́ apá rẹ̀,
oró a ta mí dé ìgbọ̀nwọ́ bí ti àkekèé,
ọmọ a figbe ta, èmi náà a figbe ta,
ìyá ọkọ mi a sì na ọwọ́:
"Gbé e wá. O ò tíì mọ ọmọ gbé."

Èmi tí mo ti ń gbé ìkòkò láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án!
Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún sínú ìborùn
kí ará ilé má baà bi mí pé
ta ní í bímọ tuntun tí í sunkún.

Nọ́ọ̀sì alábẹ́rẹ́ àjẹsára ló júwe ibẹ̀ fún mi,
yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn Òkelele
tí wọ́n ń kó páálí sí tẹ́lẹ̀,
ní àràárọ̀ Àtàláátà.
Ẹní mẹ́ta. Fèrèsé kan. Fáànù tí n kò rí i kó yí rí.
Abiyamọ méje, ọmọ mẹ́jọ: Bẹ̀lawù bí ìbejì.
Àti Àńtí Mopélọ́lá, ọmọ Ìsánlú-Ìsìn,
tí ohùn Ìgbómìnà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

A pè é ní dókítà, ó ní rárá.
A pè é ní nọ́ọ̀sì, ó rẹ́rìn-ín.
"Ẹ mọ ẹni tí ń to eegun.
Èmi, iṣẹ́ òòjọ́ ni mò ń tò:
ìwẹ̀, oúnjẹ, oorun, ọmọ gbígbé,
ohun tí ọwọ́ ń ṣe tẹ́lẹ̀ láìronú
tí kò wá mọ̀ ọ́n ṣe mọ́."

Kò bi mí pé ṣé ara le.
Ó ní, "Ta ló gbé ọmọ nígbà tí o wẹ̀ lónìí?"
N kò tíì wẹ̀.
Ó ní kí n gbé Àfúsá kí òun rí i.
Ọwọ́ mi ni ó ń wò, kò wo ojú mi.
"Iṣẹ́ wo lo ń ṣe?"
"Ìkòkò ni mò ń mọ, ní Dàdá."
Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ìkòkò tútù,
ṣé ọrùn rẹ̀ lo fi ń gbé e?"

Ẹ̀rín pa mí.
Ta ní í fi ọrùn gbé ìkòkò tútù?
Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì là á tẹ́ sábẹ́ ìdí rẹ̀,
a ó fà á mọ́ àyà, a ó mí,
a ó jẹ́ kí itan bá wa gbé e dìde.
"Ó dáa," ni ó wí. "Ọmọ rẹ náà kò tíì gbẹ."

Kò san lọ́jọ́ náà. Ó fi pákó pẹlẹbẹ di ọwọ́ mi,
mo sùn tì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Ní ọ̀kan nínú àwọn Àtàláátà náà
Bẹ̀lawù sọ pé òun a máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà,
òun a máa ka ọ̀kadà tó ń kọjá
kí òun má baà gbọ́ ẹkún àwọn ọmọ.
Ó ti ka igba ó lé mẹ́rin rí.
Kò sẹ́ni tó ṣe háà.
Àńtí bu omi fún un,
ó sì sìn ín dé ọ̀dọ̀ dókítà kan lójú ẹsẹ̀;
àwa tó kù pín ìbejì gbé.

Ní Àtàláátà karùn-ún, ìyá ọkọ mi tẹ̀ lé mi.
Ó ní òun kò wọlé, ẹnu ọ̀nà tó òun.
Ó jókòó lórí páálí, ó kọjú síta,
ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.
Nígbà tí a ń ká ẹní, ó na ọwọ́ ọ̀tún:
"Ìwọ ọmọ Ìsánlú, bá mi wo tèmi.
Láti ìgbà tí mo ti bí bàbá ọmọ yìí ni."

Bàbá ọmọ yìí ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Àńtí tún ẹní kan tẹ́.